Ohun Tí Mo Kà Nípa Ilẹ̀ Tó Ń Mì

Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń mì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi nílé wa ní Kàbà, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ ibo ló ń mì ní Nàìjíríà?" Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára. Àpáta tó dà bíi pé kò lè mira láéláé ń sún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Kò sí ohun tí mo tíì kà tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo rí ní Gárkì, ní Àbújá, wọ́n sì fi mí sídìí fáìlì. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń gbé fáìlì láti yàrá kan dé òmíràn. "Sànnu o, Ìyá Olókùúta!" làwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi èdè Hausa kí mi, torí ohun tí mo kà. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àfi bí ilẹ̀ ṣe mì ní Àbújá lọ́jọ́ kan. Àdúgbò Mpápé ló ti le jù. Ife tíì orí tábìlì mi ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀, àwọn èèyàn ń pariwo sá jáde. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: inú mi dùn.

Ọ̀gá wa pè mí. "Ṣé ìwọ lo ka nǹkan yìí? Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, lọ́nà tó máa yé ará ọjà."

Odindi Sátidé ni mo fi kọ ojú ìwé mẹ́sàn-án, mo sì fi ife tíì mi tó gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo sọ níbẹ̀ pé a ò tíì mọ̀ bóyá yóò tún ṣẹlẹ̀.

Nínú takisí tó ń gbé mi bọ̀ láti Apo ni mo ti gbọ́ ohùn ọ̀gá lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ, kò yọ ife tíì mi pàápàá sílẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣèwádìí rẹ̀ tipẹ́. Ó wá fi tirẹ̀ kún un: ó ti tán, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Mo lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹ ò dárúkọ mi, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, sà?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn. Ṣé o fẹ́ dá kún un ni?"

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà fi dé. Wọ́n gbé mi lọ sí Kuje, lẹ́yìn ìlú, kí n máa ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí.

Ilẹ̀ tún mì. Mo wọkọ̀ lọ sí Mpápé fúnra mi. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, fi ògiri yàrá rẹ̀ hàn mí. Ó ti là láti òkè délẹ̀.

"A ti kó jáde tẹ́lẹ̀," ó ní. "Wọ́n sọ lórí rédíò pé ó ti tán, la bá pa dà wọlé."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sùn nínú yàrá yẹn mọ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ náà mọ̀ nípa rẹ̀ ni?"

"Rárá o, mà," ni mo wí. "Àga ni mò ń ṣọ́ ní Kuje."