Igi Obì Mẹ́ta ní Abà Bàbá Mi

Abà tí wọ́n bí mi sí kò jìnnà sí Alajue, lójú ọ̀nà tó gba inú oko lọ sí Sekona. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Ilẹ̀ Ẹ̀bìrà ni wọ́n ti wá, tàwọn tọkọ́ tàdá, wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan ní Ẹdẹ, wọ́n sì ń gbin iṣu níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Èmi kò mọ ilẹ̀ Ẹ̀bìrà ju orúkọ lọ. Èdè Yorùbá ni mo fi ń lálàá. Síbẹ̀, nígbà tí àwa ọmọ àgbẹ̀ tó ti ibẹ̀ wá kó ara wa jọ, tí a ní kí abà náà má wó, kí ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa rí bí àwọn baba wọn ṣe gbé, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọkọ́ débẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ nínú wa. Ọjọ́ Sátidé ni ẹni tó bá ráyè máa ń wá. A máa ń roko, a máa ń fi amọ̀ rẹ́ ibi tí òjò bá ti họ ògiri, a sì máa ń pààrọ̀ igi tí wọ́n ń so iṣu mọ́ bí ikán bá ti jẹ ẹ́. Nínú yàrá ìyá mi, òfì wọn ṣì wà lára ògiri, ó dúró lóòró gẹ́gẹ́ bí òfì àwọn obìnrin Ẹ̀bìrà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa wá fọwọ́ kàn án. Gbogbo èyí dára lójú mi. Ohun kan ṣoṣo ni kò dára.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ bí tèmi, ni olórí wa. Òun ló kọ pátákó kéékèèké tí a kàn mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan, kí àlejò lè mọ ohun tó ń wò. Ẹ̀yìn ilé ni igi obì mẹ́ta wà. Ohun tí tíṣà kọ sídìí wọn ni pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbé èso wọn wá, wọ́n sì hù fúnra wọn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó mú ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, àlejò tó tọrọ ilẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ohunkóhun tí a ń hú tàbí tí a ń ká tí ilẹ̀ sì ń ṣófo padà. Kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ. Igi a máa pẹ́ ju àdéhùn lọ. Ẹni tó gbìn ín lè mọ̀ pé àlejò ni òun, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ yóò ní igi náà jẹ́ tòun, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì ní ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ tòun. Bàbá mi mọ èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n léèrè igi wọ̀nyẹn, wọ́n á ní ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbé wọn wá.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń fi igbá bu omi sí wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé bàbá mi rán mi. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tò gbọọrọ, àlàfo àárín wọn dọ́gba. Gbogbo iṣu tí bàbá mi gbìn láyé ni àwọn ènìyàn ti jẹ tán. Igi yìí nìkan ló kù tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí pé ọkùnrin kan gbé ìhín, ẹ sì gbé e fún ẹran. Báyìí ni mo ṣe wí ní ìpàdé. Mo ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá mi síbẹ̀.

Tíṣà fèsì pé gbogbo àgbà tí òun bi léèrè, ohùn kan náà ni wọ́n sọ. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ọ̀kẹ́rẹ́ wo ló máa ń ta okùn kó tó gbin igi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ náà kàwé jù mí lọ. Ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé mi ò ka ìwé mẹ́fà tán. Mo jókòó.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Alájà ní agbo ilé wọn ní Ẹdẹ. Alájà ni àkọ́bí bàbá onílẹ̀ tó fún bàbá mi ní ilẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì gbà wá láyè láti tọ́jú abà náà. Mo ti múra ìjà lọ. Mo rò pé wọ́n yóò bá mi jiyàn.

Alájà gbọ́ mi tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún mi. Wọ́n ní lọ́dọọdún, bí bàbá mi bá ru iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá fún bàbá onílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń ṣe, wọ́n máa ń gbé àwo obì lé orí iṣu náà. Bàbá onílẹ̀ á mú ọ̀kan, wọ́n á bù ú jẹ, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ yín." Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ní kí n kí yín, bàbá." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú. Mo béèrè pé, "Ṣé bàbá yín mọ̀ ni?"

"Ta ni kò mọ̀? Àwa ọmọdé a máa sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín."

Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ṣì ń fi í pa mọ́? Alájà wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní àwọn àbúrò àwọn ń wá ọ̀nà láti ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń kọ́lé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì.

"Bí ẹ bá kọ ọ́ pé bàbá rẹ ló gbìn ín, àwọn àbúrò mi á ní ó ti da àdéhùn, ilẹ̀ ti padà sílé nìyẹn. Bí àwọn ọmọ tiyín bá sì kà á, wọ́n á ní igi ti sọ ilẹ̀ di tiwọn. Èwo lo fẹ́ níbẹ̀, ìwọ ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́?"

Alájà fi ẹ̀rín sọ ọ́, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò àwọn síta. Mo dúpẹ́, mo gun ọ̀kadà padà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, mi ò sì rí ibi tí mo lè fi í tì sí. Wọ́n rẹ́ wa jẹ, èyí dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ta ló rẹ́ wa jẹ? Bàbá mi ló fẹnu ara wọn pe ọ̀kẹ́rẹ́. Bàbá onílẹ̀ gba irọ́ náà lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tíṣà kọ ohun tí àwọn àgbà sọ. Nígbà tó yá, èmi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Mo rántí omi, mo rántí igbá, ṣùgbọ́n mi ò rántí pé mo rí ẹni tó gbẹ́ ihò. Igi ti dé orúnkún mi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi. Bàbá mi kò sì fìgbà kan sọ fún mi pé àwọn ni àwọn gbìn wọ́n. Bóyá wọ́n fẹ́ kí n mọ̀, bóyá wọn kò fẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tíṣà gbé pátákó tuntun wá. Ó ní ìgbìmọ̀ ti gbọ́ ẹkún mi, orúkọ bàbá mi ni àwọn yóò kọ. Ó ti ṣí ọ̀dà.

Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó má kọ ọ́.

Ó gbójú sókè. "Kí lo wá fẹ́ gan-an?"

Ẹnu mi kò gbà á láti sọ ohun tí Alájà sọ fún mi. Mo kàn ní kí ó yọ ti ọ̀kẹ́rẹ́ náà kúrò, kí ìdí igi wà lófìfo. Ó fi ẹ̀yìn àdá yọ ọ́, inú sì bí i. Nígbà tí a ń jẹun, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé irú mi ló ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ tí yóò sì sá kúrò ní kóòtù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn àlejò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà báyìí, wọn kì í dúró. Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan tó ti Ìwó wá rí èso obì kan tó já bọ́ sínú koríko. Ó kúnlẹ̀, kò mú un, ó wá bi mí pé, "Bàbá, lọ́wọ́ ta ni mo ti máa tọrọ rẹ̀?"

Mo wo igi náà, mo wo ojú ọ̀nà Ẹdẹ. Obìnrin náà ṣì kúnlẹ̀, ó ń retí èsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú èso náà, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Títí di òní, mi ò lè sọ bóyá mo ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀.