Bí Wọ́n Ṣe Gbé Tsirl Níyàwó ní Itẹ́ Òkú

Tsirl ló ń pọnmi fún gbogbo ilé ní ìlú kékeré àwa Júù ní Volhynia. Ọmọ òrukàn ni, abuké sì ni, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀, háà! Ó gùn dé ìdí, ó ń dán bí òróró. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó fẹ́ lọ́kọ.

Àfi ìgbà tí onígbáméjì wọ̀lú. Nígbà tí òkú ju apá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ, àwọn àgbà rántí oògùn àtijọ́: kí a so aláìní méjì pọ̀ ní tọkọtaya ní itẹ́ òkú, kí àwọn òkú lè bá wa bẹ Ọlọ́run. Wọ́n mú Tsirl. Wọ́n mú Nokhem, alágbe ẹlẹ́sẹ̀ igi.

Brayne, aya Zanvil onígẹdú, ló gé irun náà láàárọ̀, torí abilékọ kì í jẹ́ kí wọ́n rí irun òun.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Jókòó jẹ́ẹ́! Ta ló ń wo irun abuké?"

Nokhem ò ní òrùka, Brayne bá bọ́ tọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Láàárín ibojì, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n ta sórí ọ̀pá mẹ́rin, Nokhem fi í sí Tsirl níka: "Òrùka yìí ló sọ ọ́ di tèmi, gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè àti Ísírẹ́lì." Ó wá rọra sọ sí i létí pé, "Má bẹ̀rù. A ó jọ máa jẹun ni." Ojú Tsirl là! Kò sẹ́ni tó sọ "a ó jọ" fún un rí. Nokhem fẹsẹ̀ igi tẹ ife tí ọkọ ìyàwó máa ń fọ́, ó fọ́ gbàù.

"Ẹsẹ̀ yẹn mà wúlò o!" ni ẹnì kan kígbe láàárín èrò.

A ṣì ń jó nígbà tí Zanvil ti ìrìn àjò dé, tó sì rí òrùka lọ́wọ́ Tsirl.

"Tèmi nìyẹn! Ta ló gbé e fún wọn?"

"Èmi ni, baálé mi, nítorí ìlú..."

"Ṣé o bi mí?"

Rábì di irùngbọ̀n mú, ó sì dájọ́. Òrùka tí kì í ṣe ti ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ kò so nǹkan kan. Wọn kì í ṣe tọkọtaya. Ṣùgbọ́n tí Nokhem bá fi owó idẹ kan péré tó jẹ́ tirẹ̀ tún un ṣe, ó parí.

Tsirl kọjú sí i. "Nokhem, o lówó. Èyí tí wọ́n ta ọ́ lọ́rẹ ń dún lápò rẹ."

Nokhem wò ó látòkè délẹ̀. "Wọ́n fipá mú mi lẹ́ẹ̀kan. Ní báyìí tí wọ́n tú mi sílẹ̀, kí n tún fọwọ́ ara mi gbé iké?"

A bú sẹ́rìn-ín. Rábì pàápàá rẹ́rìn-ín. Nokhem tiro gba ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú jáde.

"Ẹ má jẹ́ kí Tsirl náà lọ o!" ni Brayne pariwo. "Àrùn ò tíì lọ! Ẹ mú Shmerl afọ́jú wá!"

Wọ́n di Tsirl mú lápá méjèèjì. Zanvil fúnra rẹ̀ ló fi owó sọ́wọ́ Shmerl: "Mo fún ọ. Tìẹ ni." Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àṣìṣe.

Shmerl wá ọwọ́ Tsirl kiri. Wọ́n bá a na ọwọ́ náà sí i. Tsirl ò sọ nǹkan kan, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tó bá dákẹ́ ti gbà.