Ilé Tí A Tún Ṣe Mọ́ Bàbá Mi Lọ́wọ́

Ọdún kẹjọ tí ojú Bàbá ti fọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ránṣẹ́ láti Èkó pé òun fẹ́ ta ilé wa l'Ọ́tà. Akọ̀wé ni lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, abùṣe bùṣe. Ó ní Bàbá yóò máa bá òun gbé l'Ékòó, kí n má sì tíì sọ fún un. Kí n sọ pé à ń tún ilé ṣe de òjò ni. Màmá wa ti kú. Ọkọ tèmi náà ti kú, ìyẹn ni mo ṣe padà sílé láti máa tọ́jú Bàbá. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo rò.

Télọ̀ ni Bàbá kí ojú rẹ̀ tó lọ. Òun ló fi owó abẹ́rẹ́ kọ́ ilé náà: ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ògiri ti sán káàkiri. Síbẹ̀, àlejò tó bá wọlé kò ní tètè mọ̀ pé Bàbá kò ríran. Bó bá jáde ní yàrá, ọwọ́ òsì rẹ̀ á wà lára ògiri. Á kan ibi tó sán, á kan ìṣó tí Màmá máa ń fi asẹ́ kọ́, á kan àga gbọọrọ kan, lẹ́yìn náà ló máa kan àmù omi. Ibẹ̀ ló ti ń bu omi àlùwàlá fúnra rẹ̀. Bí mo bá nawọ́ sí i, á ní, "Fi mí sílẹ̀. Inú ilé mi ni mo wà."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi mú bíríkìlà àti kápẹ́ńtà wá.

"Ta ló máa ra èyí?" ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri kó dán, kí wọ́n kùn ún lẹ́fun. Kó gbogbo pàǹtí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kúrò."

"Bùrọ̀dá mi, àwọn nǹkan yẹn ni Bàbá fi ń mọ ọ̀nà."

"Ọjọ́ mélòó ló tún kù tó máa lò níbí?"

Èmi náà ni mo yí àmù jáde sẹ́yìnkùlé, tí mo sì gbé àga tẹ̀lé e. Kápẹ́ńtà fa ìṣó yọ, ó sọ ọ́ nù. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, nígbà tí wọ́n sì parí, ilé funfun báláú. Àwọn aládùúgbò ń yà wá wò ó, inú mi sì dùn. Títí di òní, ojú ń tì mí pé inú mi dùn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí àkókò ìrun Àìlà tó, Bàbá jáde. Ẹ̀fọ́ ni mò ń ṣà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo rí i tó ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni tó ń wá ojú rírán lára aṣọ. Ó rìn síwájú, ó padà, ó tún rìn síwájú.

"Ta ló gbé ògiri mi lọ?"

"Wọ́n rẹ́ ẹ ni, Bàbá."

"Ibo ni mo wà?"

Mo fà á lọ́wọ́. Kò jà.

Ní ọjọ́ tí àwọn olùrà ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú Bàbá lọ jókòó nílé aládùúgbò wa. Mo mú un lọ. Àgbà oníṣòwò kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wá. Wọ́n ṣì ń yin ògiri nígbà tí wọ́n pe ìrun, àfi bí Bàbá ṣe dá rìn padà láti ilé aládùúgbò wá ṣe àlùwàlá, tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú, tó sì gbé e lé àyà ọkùnrin náà.

"Ta nìyí?"

"Àlejò ni, Bàbá," oníṣòwò náà dáhùn. "A wá wo ilé tí wọ́n fẹ́ tà ni."

"Ilé ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, bí ẹni pé mo ní nǹkan tí mo lè ṣe. Ìyàwó oníṣòwò rọra fa ọkọ rẹ̀ láṣọ, wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀. Wọn kò padà wá mọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti bínú lọ, mo gbé àmù àti àga padà, mo wá ìṣó mìíràn kàn. Bàbá fọwọ́ kàn án.

"Kì í ṣe ibí."

"Ibo ni, Bàbá?"

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "N kò mọ̀ mọ́."

Láti ìgbà náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń jókòó sí, á máa retí pé kí n wá fa òun. Lẹ́yìn òjò, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé òun ń bọ̀ wá bá a gbé. Lọ́rì la wọ̀ lọ sí Èkó, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ilé ti tà. N kò bi í pé ta ló rà á. Bàbá náà kò béèrè.