Fítámì tí Ìyá Búrẹ́mọ̀ Ń Lò

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí òwúrọ̀ Ìyá Búrẹ́mọ̀ ṣe ń rí ní Igbó-Ọrà lọ́dún 1992, kò ṣòro. Yóò mu ẹ̀kọ gbígbóná, yóò ju hóró fítámì kan sẹ́nu, yóò gbé agbọ̀n pákí bíbó karí, ó di odò. Níbẹ̀ ni yóò ti ká aṣọ dé itan, tí yóò wọ inú omi láti rẹ pákí tí yóò di láfún. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe é. Sàrátù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà náà sì ti ń tán lọ.

Fítámì náà kì í ṣe ọ̀ràn fàájì. Wàhábì ọkọ rẹ̀ ló tọ ẹ̀jẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé e dé Ìbàdàn, tí dókítà ní jẹjẹrẹ ti wọ àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Sàrátù ló kú sí. Òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde. Nítorí náà, nígbà tí Japheth, ọkùnrin tó ń ta oògùn nínú mọ́tò Èrúwà, gbé ike kan sókè pé ẹni tó bá ń lo fítámì òun lójoojúmọ́, jẹjẹrẹ kò ní dé àpò ìtọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ arúgbó yóò sì di ti ọ̀dọ́, Sàrátù rà á. Ẹnu Japheth dùn, kí n má purọ́. Bó bá ní òkúta ń so èso, ẹ ó wá apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di ìparí ọdún kejì tó ti ń lò ó, ẹ̀jẹ̀ dé. Ó rí i lára aṣọ rẹ̀, ó dúró, ó wò ó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Kí ni kó rò? Ohun tí Japheth sọ ló rò. Ó ní fítámì ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan oṣù òun ti padà. Ojú tì í. Opó tí ń ṣe nǹkan oṣù, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ó ṣe ohun tí obìnrin mùsùlùmí ń ṣe: ó ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó fi ti ògiri, ó ń retí kí ẹ̀jẹ̀ dá kó lè wẹ̀, kó tún padà sórí ìrun.

Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Bó bá fúyẹ́ lónìí, yóò tún dé lọ́túnla. Ààwẹ̀ dé, kò gbà á. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ débi pé bó bá dé bèbè odò, yóò kọ́kọ́ jókòó kó tó lè wọ omi, síbẹ̀ kò pa fítámì jẹ níjọ́ kan.

Hàlímọ̀, ìyàwó Búrẹ́mọ̀ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe láfún, ló ṣàkíyèsí ẹní náà. Ó rọra bi í ìdí tí kò fi kírun mọ́. Àárẹ̀ ló mú Sàrátù sọ òtítọ́. Hàlímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì fún Sàrátù ní ìgò kan pé kó lọ tọ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó gbé bọ̀ pọ́n bí omi ìsápá. Ìtọ̀ ni. Gbogbo ìgbà yẹn, inú ìtọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá. Ó wo ìgò náà, ó rántí aṣọ Wàhábì.

Nọ́ọ̀sì ní àtọ̀sí ajá ni: kòkòrò kan ń jáde lára ìgbín kéékèèké inú odò, ó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé, ó ń dá ọgbẹ́ sí àpò ìtọ̀, bí ọgbẹ́ náà bá pẹ́ púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Sàrátù bi í pé fítámì tí òun ń lò ńkọ́.

"Ìyá, oúnjẹ ara lásán ni fítámì," ni nọ́ọ̀sì wí. "A ò tíì rí ẹ̀rí pé ó ń dènà jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Omi tí ẹ ń wọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀."

Ó fún un ní oògùn kòkòrò, ó kọ ìwé fún un pé kó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n sọ fún Wàhábì ní Ìbàdàn náà ni wọ́n sọ fún un. Nígbà tó ń bọ̀, Japheth wọ mọ́tò wọn, ó gbé ike sókè. Sàrátù ò bá a jà. Kò lágbára ìjà.

Ó dé ilé lọ́sàn-án, ó bá Hàlímọ̀ tó ń to pákí sínú agbọ̀n, ó ń múra odò. Ó ní kó gbé e kalẹ̀, inú àmù ni àwọn yóò ti máa rẹ ẹ́, omi kànga ni àwọn yóò máa lò. Hàlímọ̀ gbé e kalẹ̀. Ó wo ike fítámì tó wà lójú fèrèsé, ó bèèrè bóyá kí òun máa lo èyí tó kù.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Hàlímọ̀ kò gbójú sókè. "Èmi náà ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ mi, Ìyá. Ọjọ́ ìgò yẹn ni mo ti fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀rù bà mí."

Sàrátù ò tíì bọ́ bàtà. Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí ju kó lọ dùbúlẹ̀. Ó jókòó díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà tí omi odò ti sọ di funfun, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ó tún mú gèlè rẹ̀, ó wé e.

"Dìde, ká lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì," ló wí. "Tìrẹ ò tíì pẹ́."