Bébà Ọlọ́mú

Nọ́ọ̀sì tó fún mi ní bébà náà kò fún mi tìfẹ́tìfẹ́. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, oòrùn ti mú, àwa ìyá ọlọ́mọ sì kún orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó wá láti Olúpọ̀nnà yọ ike omi jáde, ó fẹ́ fi sọ́mọ rẹ̀ lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò ní gbọ́! A ó sọ ọ́, a ó tún un sọ, ẹ ò ní gbọ́! Bí ọmọ bá kú tán, ẹ ó ní ayé ló ṣe é."

Obìnrin náà sorí kọ́. Nọ́ọ̀sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín bébà fún wa bí ẹni ń fọ́n àgbàdo sádìyẹ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Gbà. O ò kúkú ní í kà á."

Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe kà á. Aṣọ ni mò ń rán lóòótọ́, àmọ́ mo jáde ìwé mẹ́wàá. Ta ló sọ fún un pé mi ò mọ̀wé? Bí mo ṣe délé ni mo jókòó tì í, tojú-tẹ̀yìn, mò ń wá ibi tí irọ́ wà.

Mo sì rí i. Wọ́n ya obìnrin kan tó sanra, tó wé gèlè, tó ṣí ọmú sílẹ̀ fọ́mọ, tí ẹyin, ẹja, ẹran, mílíìkì àti ọsàn kún iwájú rẹ̀, wọ́n ní ohun tó yẹ kí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú máa jẹ nìyẹn. Mo pòṣé. Ta ló fẹ́ rà á fún mi? Ọkọ mi, wẹ́dà ni. Tí iná ò bá sí, iṣẹ́ ò sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bébà, wọ́n ya ife omi kan, wọ́n fi pupa fagi lé e lórí. Ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Kò sí omi, kò sí àgbo, bó ti wù kí oòrùn mú tó, torí omi tí ọmọ nílò ti wà nínú ọmú. Omi tí kò mọ́ ló máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ ọmọ mi lẹ́nu lọ́wọ́ nígbà náà. Bó bá dá lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ronú kan kẹ́ẹ̀gì tó wà ní yàrá ìyá ọkọ mi.

Omi sámúsámù ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà, omi tí bàbá ọkọ mi gbé bọ̀ láti Mẹ́kà kí n tó wọlé wọn. Bàbá ti kú, omi ò tán. Kò lè tán, torí bó bá ti ń lọ sílẹ̀, ìyá ọkọ mi á fa omi kànga ẹ̀yìnkùlé, wọn á fi lé e, wọn á ní alùbáríkà kì í bàjẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá wẹ ọmọ tán, wọn á bu díẹ̀ sínú ife, wọn á rọ ọ́ fún un.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá omi dúró ná."

"Ta ló ní ká dá a dúró?"

Mo na bébà sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n wo obìnrin tó ṣí ọmú sílẹ̀ nínú àwòrán, wọ́n yínmú.

"Bébà ọlọ́mú yìí ló fẹ́ kọ́ mi lọ́mọ títọ́? Ṣé omi Mẹ́kà ló máa pa ọmọ rẹ?"

"Kì í ṣe omi Mẹ́kà ni mò ń bá jà, Màmá. Omi kànga tí ẹ dà sí i ni."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé mo pe omi Mẹ́kà ní ìdọ̀tí. Àwọn tó ń bá mi ṣeré tẹ́lẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó kúrò nínú ẹ̀sìn. Ohun tí ọkọ mi rí sọ kò ju "Ẹ ṣáà jẹ́ kó rọlẹ̀" lọ, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo lẹ bébà náà mọ́ ògiri lókè ibùsùn mi. Èmi fúnra mi ni mò ń wẹ ọmọ, ẹ̀yìn mi ló ń wà tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbẹ́ náà dá. Mo rò pé mo ti borí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ń sùn, mo sáré gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan. Nígbà tí mo padà, orí itan ìyá ọkọ mi ni mo ti bá ọmọ, ife wà lẹ́nu rẹ̀. Bébà mi ti ya sí méjì, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo já ife gbà, omi dà sí wọn láṣọ.

"Ẹ gbà mí o! Ìyàwó yìí fẹ́ lù mí pa!"

Mi ò lù wọ́n. Ó wù mí, àmọ́ mi ò lù wọ́n. Mo ṣa bébà nílẹ̀, mo pọn ọmọ, mo gun ọ̀kadà, ó di Kuta, ilé màámi.

Inú màámi dùn láti rí wa. Wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n ní oòrùn ti pa á, wọ́n sì bu omi nínú àmù. Mo ní kí wọ́n má ṣe fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Omi ni mo fi tọ́ ìwọ náà. Ṣé o kú ni?"

"Èmi ò kú. Àwọn méjì tó ṣáájú mi ńkọ́?"

A kì í dárúkọ àwọn ọmọ yẹn nílé wa. Ẹnu ẹ̀gbọ́n màámi ni mo ti gbọ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ló pa wọ́n. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mú tó kó tó jáde lẹ́nu mi, mo sì jẹ́ kó jáde. Màámi gbé ife sílẹ̀. Wọ́n lọ jókòó ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó lẹ́yìnkùlé, wọ́n bó o títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀, wọ́n ní, "Mú bébà yẹn wá."

Wọn ò mọ̀wé. Mo to ààbọ̀ méjèèjì pọ̀ nílẹ̀, mo kà á fún wọn.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn dókítà ni."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, Màámi."

"Ó ti pẹ́." Ohùn wọn gbẹ. "Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni ò mú un wá sí Kuta?"

Mi ò rí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí. Wọ́n gbọn eruku ara aṣọ wọn, wọ́n ní kí n dìde, à ń lọ sí Ìwó, sílé ọkọ mi.

Àwọn àgbà méjèèjì kí ara wọn dáadáa, wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ni màámi ní, "Àna mi, mo ti sin ọmọ méjì. Omi ni mo fún wọn. Ẹ máà fún èyí."

"Ọlọ́run ló ń pa, kì í ṣe omi."

"Òótọ́ ni. Ẹ ṣáà máà fún un."

"Tí mo bá fún un ńkọ́?"

"A jọ máa wà níbí nìyẹn."

Màámi tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọn ò lọ mọ́. Wọ́n jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ mi jókòó sí ìparí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á wúkọ́. Ìyá ọkọ mi kò fi oúnjẹ lọ̀ wá, àwa náà ò sì fi lọ̀ wọ́n. Ẹyin àti ẹja inú bébà kò wá láti ibì kankan. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni màámi ń sè fún mi, wọ́n sì ń dúró tì mí títí mo fi ń jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, a gbé e sórí òṣùwọ̀n nílé ìwòsàn, ó sì tẹ̀wọ̀n dáadáa. Nọ́ọ̀sì yẹn yọ̀, ó ní kí n dìde, kí n sọ fún àwọn ìyá tó kù bí mo ṣe ṣe é.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ obìnrin Olúpọ̀nnà tí ẹ bú lójú gbogbo wa."

Ó pòṣé, ó pe ẹni tó kàn.

Màámi padà sí Kuta lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ ti ń lọ sí ilé-kéú báyìí, ó le koko. Ìyá ọkọ mi ń sọ fún àlejò pé omi sámúsámù tí àwọn rọ fún un ní kékeré ló mú ara rẹ̀ le. Mi ò já wọn nírọ́, mi ò sì ṣe àmín. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, wọ́n máa ń dáhùn láìwojú mi, ó sì tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn bẹ́ẹ̀.