Kásẹ́ẹ̀tì tí Màmá Sọ̀rọ̀ Sí

Mi ò fẹ́ràn orin àwọn òyìnbó yẹn, mi ò sì ní torí pé ẹ̀gbọ́n mi máa ka èyí kí n wá purọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n da irun bo ojú kan, wọ́n ń tẹ dùùrù oníná. Kò sẹ́ni tó ń lu ìlù láàárín wọn, ẹ̀rọ ló ń bá wọn lù ú. Èyí tó ń kọrin nínú wọn, àfi bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láwọn ọdún quatre-vingt, ìyẹn láti 1980 lọ sókè, nílé wa ní Williamsville, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àwọn nìkan ló wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Bàbá mi, tó ń ta aṣọ lọ́jà Adjamé, á dé láti ọjà, á bọ́ fìlà, á ní: “Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ gbé sínú rédíò yìí ni?” Aládùúgbò wa kan wà, ará Benin, olùkọ́ ni, mesié là ń pè é. Òun á ti awò ojú rẹ̀ sókè lórí imú. “Aláàjì, ẹ má fojú di orin yìí o. Bí wọ́n á ṣe máa kọrin lọ́la nìyẹn.” Bàbá á ní kí ọ̀la náà jókòó síbi tó wà, kó má wá sílé òun. Màmá ò dá sí wọn. Ohun tó ń wí kò ju pé tí wọ́n bá ti pe ìrun, òun ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pín-ín.

Láyé ìgbà náà, a kì í kọ lẹ́tà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ni yóò kà á fún ìyá àgbà? Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá ń lọ sílé, a ó yí rédíò ká, màmá á tẹ bọ́tìnnì pupa, a ó sì máa kí ìyá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rédíò. Màmá ní ẹni tó bá dúró kí ìyá òun, ìyá òun á mọ̀ ọ́n lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan tó ń lọ sílé yà kí wa láìròtẹ́lẹ̀, ọkọ̀ sì ti ń dúró dè é. Màmá fa kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára yọ, ó tì í bọ inú rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó kí ìyá àgbà dáadáa, ó ní ìwé òun ń lọ geere. Kò mọ̀ pé orin òun lòun ń dọ̀bálẹ̀ lé lórí. Ìrọ̀lẹ́ ló tó wá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tì. Yéè! Mi ò rí ọkùnrin tó sunkún báyẹn nítorí òyìnbó rí.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà padà dé, ìyá àgbà ti fèsì sí ojú kejì rẹ̀. Ó kí wa títí, ó wá ní: “Mo gbọ́ àwọn ọmọkùnrin tó kọrin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó jọ pé nǹkan ń dùn wọ́n. Ẹ bá mi kí wọn, kí wọ́n ní sùúrù, Ọlọ́run á ṣe é.” Orin ìdajì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá ló gbọ́, ó ṣe bí ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá àgbà nìkan ló gbọ́ orin nínú ìdílé wa.

Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ gbọ́ ìdajì rẹ̀, á kọ́kọ́ fi ìka tẹ bọ́tìnnì, á sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ màmá, ohùn màmá á máa dún tínrín bí ọmọ adìyẹ. Màmá á kígbe láti ìdí ààrò: “Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ọmọ yìí!” Ẹ̀gbọ́n mi búra pé lọ́jọ́ tóun bá tún rí orin náà, òun á gbé e padà lé gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn lórí.

Màmá kú kí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó dé ọwọ́ wa. Fọ́tò rẹ̀ wà, ohùn rẹ̀ ò sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dún ti lọ, ìyẹn sì ń dùn mí ju ikú rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí àdúgbò Marcory pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò lè bi í léèrè. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ.

Lọ́dún yìí lọmọbìnrin mi na fóònù sí mi: “Maman, ẹ gbọ́, c'est frais! Ó dùn gan-an!” Àwọn ọlọ́fìnkìn yẹn ni! Ó ní ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ti kọ́ ọ, àti pé àwọn èèyàn ṣì ń jà lábẹ́ orin náà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé bàbá gbogbo wọn ni, òmíràn ní ẹ̀rọ lásán ni. Mo rẹ́rìn-ín, bàbá mi àti mesié ni wọ́n ṣì ń bára wọn fà á. Ó pe tọ́ńtọ́n rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, láti sọ fún un. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Mo gba fóònù, ẹnu mi sì yọ: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì màmá dání.” Ó ní òun gbọ́.

Ó dé, ó gbé rédíò àtijọ́ kan bọ́ sílẹ̀ nínú takisí. Mo gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín kékeré méjèèjì tó wà lórí rẹ̀ ti kán. Ẹni tó bá gbé ayé kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n: tí eyín yẹn bá ti kán, ẹ̀rọ ò ní gbà kéèyàn gba nǹkan míì lé e lórí mọ́.

“Ìgbà wo lẹ kán an?”

“Ọ̀sẹ̀ tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí màmá má baà tún sọ̀rọ̀ lé èyí tó kù. Ẹni tó kù là ń ṣe lóge.”

“Ìbúra yín ńkọ́?”

“Eyín rẹ̀ ti kán kí n tó rí orin náà rà. Nígbà tó yá, mi ò fẹ́ mọ́.”

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó sì ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Orin tí mo ti ń bú láti kékeré ló bá mi tọ́jú ìyá mi.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ń hó ṣááá. Lẹ́yìn náà: “A sàláámù aléékù, ìyá mi. Èmi ọmọ yín ni o. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?” Ohùn náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bú sẹ́kún. Màmá kí ará ilé, ó kí ará oko, ó tún padà kí àwọn tó ti kí tẹ́lẹ̀. Ìka ẹ̀gbọ́n mi wà lórí bọ́tìnnì ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń wò ó, kò tẹ̀ ẹ́.

Màmá ní ó dìgbà. Orin náà já wọlé láti àárín. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti pa á, ó yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí màmá tún sọ̀rọ̀,” ó ní.