Ebi Pa Mí ní Sìlòfẹ́níà Nítorí Ẹ̀kọ́ Ilé

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àti ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má fo ìlà kankan o!

Dáre ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Sìlòfẹ́níà, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù. Báwo ló ṣe kéré tó? Èèyàn lè jẹun àárọ̀ lábẹ́ òkè tí yìnyín bò, kó sì jẹ ti ọ̀sán létí òkun. (Bí ó bá gbà láti jẹun ni o!) Dáre fẹ́ fi ọmọbìnrin ibẹ̀ kan ṣaya, Maja lorúkọ rẹ̀. Ó ní kí n wá láti Ìkẹ́rẹ́, kí èmi àti ìyá ọmọ náà mọ ara wa kí a tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìyá Maja, opó bíi tèmi, fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa jáde. Dáre wà níbi iṣẹ́, nítorí náà Maja ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa.

Bled la kọ́kọ́ lọ. Adágún omi ni, láàárín àwọn òkè, ó mọ́ bíi dígí. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lórí erékùṣù àárín rẹ̀, ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi gbé wa débẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fa agogo ibẹ̀, kó tọrọ ohun tó fẹ́. Mo fà á, mo tọrọ ilé aláyọ̀ fún Dáre. Nígbà tí a padà sétí omi, ìyá Maja ra kéèkì tí kírímù kún inú rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó."

Ṣé mo yó lóòótọ́? Tíì àárọ̀ nìkan ló wà níkùn mi! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nílé wa, èèyàn kì í gba oúnjẹ àna nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Wọ́n á rọ̀ ọ́, á ní rárá. Wọ́n á tún rọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá wá fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, á fọwọ́ kàn án díẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀! Mo jókòó, mo ń retí kó rọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó mi orí, ó fa kéèkì sọ́dọ̀ Maja. Maja jẹ ẹ́ tán lójú mi!

Lọ́jọ́ kejì, ó di ihò àpáta Postojna. Reluwé kékeré ló ń gbé èèyàn wọ inú ilẹ̀ lọ! Òkúta ń rọ̀ láti òkè bí àbẹ́là tó ń yọ́, òmíràn ń ga láti ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ lọ pàdé rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó ní kíláàsì láìfojú rí i rí. Omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí a jáde, ìyá Maja ṣí agbọ̀n kan. Búrẹ́dì dídùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ló wà níbẹ̀, ìtasánsán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Mo tún ní mo ti yó! Ó pa agbọ̀n dé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Láàárọ̀ Sátidé, Dáre jókòó tì mí. "Màmá, ṣé ẹ kò fẹ́ kí n fẹ́ Maja ni?"

Mo ní kí ló dé. Ó ní ìyá Maja sunkún sí òun létí lórí fóònù, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ oúnjẹ òun, pé ó dájú pé n kò fẹ́ wọn, òun kò sì ní fi ọmọ òun fún ìdílé tí kò fẹ́ ẹ.

Àyà mi já! Mo ṣàlàyé fún Dáre. Ó gbá orí mú. "Háà, Màmá! Níbí, rárá ni rárá o! Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣàlàyé fún un."

Ó bẹ ìyá Maja kó tún bá wa jáde, lọ́jọ́ yẹn náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí Piran, ìlú àtijọ́ kan létí òkun, tí àwọn ilé rẹ̀ fún mọ́ra bí ọmọ iléèwé lórí bẹ́ńṣì. A jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ìyá Maja ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ẹni mẹ́ta wá. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́wọ́ lé ikùn. "Maja, bá mi sọ fún màmá rẹ pé ebi ń pa mí. Láti Bled ló ti ń pa mí!" Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un látòkè délẹ̀.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ mi. Ó béèrè pé ìgbà mélòó ló yẹ kí òun rọ̀ mí. Mo ní mẹ́ta. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu tábìlì! Ó ní kí wọ́n gbé odindi ẹja yíyan wá fún mi. Kò tíì parí rírọ̀ mí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, mo na àwo mi sí i pé kó bá mi jẹ ẹ́. Ó fọwọ́ pa ikùn, ó ní rárá, òun ti yó. Mo tún rọ̀ ọ́. Rárá! Ó ń ṣẹ́jú sí Dáre. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fa gbogbo àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀! A kò dìde níbẹ̀ tí a fi mú oṣù ìgbéyàwó.

N kò ní kí ẹ sọ ẹ̀kọ́ ilé nù o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ilé onílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí tiwọn ti rí, ẹ má fi ẹni tó ń ṣe yín lálejò sínú ìméfò. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí a jọ rẹ́rìn-ín (ẹ rántí fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ yín!). Èmi ti fi ikùn òfo kọ́ tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun yó kí ẹ tó kọ́ tiyín.